Ọfà tó ń yà lórí òkè: àkọsílẹ̀ bí a ṣe tún sáìtì ọrun compound kan ṣe

"Lórí ilẹ̀ títẹ́, ibi tí mo bá fojú sí ni ọfà ń lọ. Tí mo bá ti dé orí òkè, a bẹ̀rẹ̀ sí í yà." Bí ẹ̀gbọ́n tó ni ọrun náà ṣe ṣàlàyé ọ̀ràn rẹ̀ fún mi nìyẹn, kò sì sí àbùkù kankan nínú àlàyé yẹn. Ohun gbogbo tí a wá rí lẹ́yìn ìgbà náà ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá a dúró láti bi í ní ìbéèrè tó kàn: ìhà wo ló ń yà sí?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹ̀gbọ́n, Bowie ló ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà. Oṣù September ni wọ́n máa ń ṣí sáà àgbọ̀nrín fún àwọn tó ń fi ọrun ṣọdẹ ní ìpínlẹ̀ yìí. Kí ìgbà náà tó dé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa lọ sí àwọn pápá ìtafà inú igbó, níbi tí wọ́n ti fi fóòmù ṣe ẹran sí ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀kan nísàlẹ̀ àfonífojì, ọ̀kan lókè níbi tí èèyàn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àgbọ̀n sókè kó tó rí i. Agbègbè Bowie tẹ́ pẹrẹsẹ. Pápá tó ti ń kọ́ bí a ṣe ń ta ọfà nítòsí ilé kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan. Ìgbà tí wọ́n bá wakọ̀ lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, sí àwọn òkè agbègbè Frederick àti Garrett, ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, bó bá sì padà sílé, ọrun náà a tún ṣe dáadáa bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tó fi gbà pé ara òun ni ẹ̀bi wà. Ó ní bóyá ọjọ́ orí ni, bóyá orúnkún òun ò gbà á láti dúró dáadáa níbi tó bá ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mo ní kí wọ́n má tíì dá ara wọn lẹ́bi. Mo gbé ọrun sórí tábìlì.

Ọrun ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Agbára rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 60, ọfà rẹ̀ wúwo tó bíi gíréènì 400 (bíi gíráàmù 26), ẹ̀rọ tí a fi ń wọn eré ọfà sì fi hàn pé ẹsẹ̀ bàtà bíi 275 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sáìtì orí rẹ̀, ìyẹn ohun tí tafàtafà fi ń fojú sun ibi tó fẹ́ ta, jẹ́ irú èyí tí ó ní píìnì kan ṣoṣo nínú òrùka tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì méjì, téèyàn lè fi kọ́ọ̀bù yí sókè sódò bí ibi àfojúsùn bá ṣe jìnnà sí. Nísàlẹ̀ òrùka yẹn ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré wà, irú èyí tí bíríkìlà ń lò, àmọ́ tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Tuntun ni wọ́n ra sáìtì yìí. Ṣọ́ọ̀bù kan ló bá wọn fi sí i, wọ́n sì fi ta ọfà ní 20 yáàdì nínú ilé, wọ́n ní ó ti dára.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa irú ọrun yìí, nítorí ẹni tó jẹ́ pé ọrun ìbílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kò tíì pẹ́ láyé. Ará Missouri kan, Holless Wilbur Allen, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1969. Wíìlì ló fi sí orí apá méjèèjì ọrun, ó sì fi okùn yí wọn po. Tí èèyàn bá fà á dé òpin, wíìlì a yí, a sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọrun ẹ̀gbọ́n ń gba ìdá 80 nínú 100, nítorí náà pọ́n-ùn 60 tó ń fà di pọ́n-ùn 12 péré ní ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá fà á tán. Ìyẹn ló jẹ́ kí èèyàn lè dúró, kó fara balẹ̀, kó wo píìnì, kó wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì, kó tó tú u sílẹ̀. Àmọ́ ohun tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì bá sọ ló máa gbà gbọ́. Tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì bá ń purọ́, ìfarabalẹ̀ yẹn gan-an ló máa mú kó tẹ̀lé irọ́ náà láìfì síbì kan.

Ìwé inú àpò

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ ni pé ẹ̀gbọ́n jẹ́ ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó mú ìwé kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó ti ya òrùka sí i fún ibi àfojúsùn kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àmì sí ibi tí ọfà wọlé sí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká pín in sọ́nà mẹ́ta: èyí tí wọ́n ta lórí ilẹ̀ títẹ́, èyí tí wọ́n ta sísàlẹ̀, èyí tí wọ́n ta sókè.

Bí a ṣe pín in báyìí ni ọ̀rọ̀ ti lójú. Ti ilẹ̀ títẹ́ wà láàárín. Ti ìsàlẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Ti òkè wà lósì. Kò sí ìkankan tó lódì sí èyí. Níbi kan tó jẹ́ pé ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gidigidi, tó tó dígírì 30, tí ẹran fóòmù wà nísàlẹ̀ ní 45 yáàdì, ọfà yà sọ́tùn-ún tó ínǹṣì méjì ààbọ̀.

Mo tún wò ó bóyá àwọn ọfà yẹn ga jù tàbí wọ́n lọ sílẹ̀ jù. Rárá, gíga wọn péye. Ẹni tó bá ń ta ọfà lórí òkè mọ̀ pé kì í ṣe 45 yáàdì lèèyàn máa yí sáìtì rẹ̀ sí níbi bẹ́ẹ̀, nítorí òòfà ilẹ̀ kò bìkítà fún gígùn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí lórí ilẹ̀ títẹ́ ló mọ̀. Ní dígírì 30, 45 yáàdì di 39. Ẹ̀rọ ìwọn-jíjìn tí ẹ̀gbọ́n ń lò ń ṣe ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀. Gíga tó péye yìí ṣe pàtàkì fún mi. Ó sọ fún mi pé ọfà ń jáde dáadáa, pé ẹ̀rọ ìwọn-jíjìn ò bàjẹ́, pé ẹ̀gbọ́n kì í já ọwọ́ gbà nígbà tó bá ń tú u sílẹ̀. Orúnkún tó ń rò náà ì bá ti mú kí ọfà máa fọ́n ká: èyí lókè, èyí nísàlẹ̀, èyí sọ́tùn-ún. Kì í ṣe kí gbogbo rẹ̀ máa lọ sí ìhà kan ṣoṣo nísàlẹ̀, kó sì wá yí padà sí ìhà kejì lókè.

Ohun tó ń yí padà báyìí bí òkè bá di ìsàlẹ̀, ara ọrun ló sábà máa ń wà.

Ohun tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi

Òfin kan wà tí gbogbo tafàtafà ń kọ́ ní ọjọ́ kìíní: sáìtì a máa tẹ̀lé ọfà. Bí ọfà bá ń lọ sọ́tùn-ún, yí sáìtì sọ́tùn-ún. Bó bá ń lọ sókè, yí i sókè. Òfin tó dára ni, lórí ilẹ̀ títẹ́. Ẹnìkan ní pápá rán ẹ̀gbọ́n létí rẹ̀ nígbà tó rí i pé ọfà rẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì yí sáìtì sọ́tùn-ún títí ọfà fi wọlé sí àárín. Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n rìn dé ibi tó kàn, èyí tó wà lókè, ọfà yà sósì ní ìlọ́po méjì ohun tó ń yà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí ilẹ̀ títẹ́ ní Bowie, ibẹ̀ pàápàá ti bàjẹ́. Wọ́n tún yí i padà.

Wọ́n ti pààrọ̀ ibi tí ọfà ń sinmi lé. Wọ́n ti ra ọfà míì. Wọ́n ti pààrọ̀ okùn, èyí tí kò burú, nítorí okùn náà ti gbó. Owó tó bá èyí lọ kò kéré, kò sì sí èyí tó kan ọ̀ràn náà nínú rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí mo máa ń rí i lemọ́lemọ́: síkúrúù ọ̀tún-òsì ló rọrùn jù láti yí lára sáìtì, kò gba irin-iṣẹ́, kò gba ìmọ̀, òun lọwọ́ gbogbo èèyàn sì máa ń lọ sí. Bí yíyà bá ń yí ìhà padà, kò sí ibi tí wọ́n lè yí síkúrúù yẹn sí tó máa tẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ lọ́rùn pa pọ̀.

Ìdí tí ọfà fi ń yà

Nígbà tí ọrun bá dúró ṣánṣán, iṣẹ́ tí sáìtì ń ṣe ni pé ó ń mú ká gbé imú ọfà sókè díẹ̀, kí ohun tí òòfà ilẹ̀ máa fà wálẹ̀ lè bá a dé àárín. Ohun tó ń fà wálẹ̀ yìí kò kéré. Fún ọfà tó ń sáré tó ti ẹ̀gbọ́n, ó tó bí ínǹṣì 9 ní 20 yáàdì, bí ínǹṣì 37 ní 40 yáàdì, ó sì lé ní ẹsẹ̀ bàtà méje ní 60.

Tí orí ọrun bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, gíga tí sáìtì fún ọfà náà máa tẹ̀ sọ́tùn-ún. Òòfà ilẹ̀ kò ní bá a tẹ̀ o. Ìsàlẹ̀ tààrà ló ṣì ń fà á sí. Nítorí náà, díẹ̀ nínú gíga yẹn a di yíyà, ọfà a sì balẹ̀ sọ́tùn-ún. Tí ọrun bá tẹ̀ ní dígírì 3 péré, èyí tí ojú lásán kò lè mọ̀ rárá nínú igbó tí igi gbogbo ti wọ́, yíyà náà jẹ́ bí ààbọ̀ ínǹṣì ní 20 yáàdì, bí ínǹṣì 2 ní 40, bí ínǹṣì mẹ́rin ààbọ̀ ní 60. Bí ibi àfojúsùn ṣe ń jìnnà sí i ni ó ń le sí i, kì í sì í ṣe bí ìṣirò ọjà: ìlọ́po méjì jíjìn ń mú ìlọ́po mẹ́rin yíyà wá.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀ láti dènà èyí. Àmọ́ lẹ́fẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọrun dọ́gba ní ọ̀nà mẹ́ta, tí àwọn oníṣẹ́ ọrun níbí ń pè ní first axis, second axis àti third axis. Èmi máa ń pè wọ́n ní ìyí kìíní, ìyí kejì àti ìyí kẹta.

Ìyí kìíní ni pé kí ọ̀pá tí sáìtì ń gùn lọ sókè sódò wà ní ìdúró kan náà pẹ̀lú okùn ọrun. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bí èèyàn ṣe ń yí sáìtì lọ sí 60 yáàdì ni píìnì á máa rọra sún lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìyí kejì ni pé kí lẹ́fẹ́ẹ̀lì wà ní ìbú gan-an nígbà tí ọrun bá dúró ṣánṣán. Méjèèjì yìí, bí wọ́n bá bàjẹ́, ilẹ̀ títẹ́ ti máa fi wọ́n hàn.

Ìyí kẹta ni kò ní fi ara hàn lórí ilẹ̀ títẹ́ láé. Òrùka sáìtì lè ṣí bí ìlẹ̀kùn lórí ìdè rẹ̀: etí kan súnmọ́ tafàtafà, etí kejì súnmọ́ ibi àfojúsùn. Nígbà tí ọrun bá wà ní ìbú, ìlẹ̀kùn tó ṣí àti èyí tó tì, ọ̀kan náà ni lójú lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dojú ọrun kọ ìsàlẹ̀, etí tó wà níwájú á lọ sílẹ̀ ju etí tó wà lẹ́yìn lọ. Afẹ́fẹ́ kékeré inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì a sáré lọ sí etí tó ga. Tafàtafà tó mọṣẹ́ rẹ̀ á rí i, á sì fi òótọ́ inú tẹ ọrun rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yẹn á fi padà sáàárín. Bó ṣe tẹ ọrun tó dúró ṣánṣán wọ́ nìyẹn, ó sì gbà pé òun ti tún un ṣe. Bó bá dojú kọ òkè, gbogbo rẹ̀ a yí padà.

Ohun tí ìwé ẹ̀gbọ́n sọ ni pé etí òsì òrùka rẹ̀ ló wà níwájú jù. Ní ìsàlẹ̀, etí òsì yẹn lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sá lọ sọ́tùn-ún, wọ́n tẹ orí ọrun sọ́tùn-ún láti mú un padà, ọfà lọ sọ́tùn-ún. Mo sọ ọ́ fún wọn kí n tó fi ohunkóhun wọ̀n ọ́n. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé bí mo ṣe ń tẹ̀lé lẹ́fẹ́ẹ̀lì yẹn ló ń bà á jẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tí kì í wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì rárá lè ta á ju yín lọ lórí òkè yẹn pẹ̀lú sáìtì yìí.

Lórí tábìlì

Mo de ọrun mọ́ ẹ̀rọ ìdìmú, mo sì so okùn ìwọ̀n kọ́ láti òkè ilé, irú èyí tí bíríkìlà ń so irin sí nídìí, kí n lè mọ ohun tó dúró ṣánṣán láìbéèrè lọ́wọ́ sáìtì. Mo tún ọrun ṣe títí okùn rẹ̀ fi bá okùn ìwọ̀n yẹn mu láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo kọ́kọ́ yẹ ibi tí ọfà ń sinmi lé wò, nítorí kò wúlò kéèyàn tún sáìtì ṣe lórí ọfà tó ń jáde ní wíwọ́. Ó wà dáadáa. Ìyí kìíní fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. Mo tú bóòtù rẹ̀, mo sún un, mo dè é. Ìyí kejì péye: ṣọ́ọ̀bù tó fi sáìtì náà sí i ti ṣe ìyẹn, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn.

Kí n tó dojú ọrun kọlẹ̀, mo ní kí ẹ̀gbọ́n wá dúró lókè orí rẹ̀, kí wọ́n wo òrùka yẹn láti òkè wá sílẹ̀. Ojú lásán ti tó. Etí òsì fi bíi mìlímítà 5 wà níwájú etí ọ̀tún. Lórí òrùka tó fẹ̀ ní ínǹṣì méjì, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 6. Ní dígírì 30 sísàlẹ̀, dígírì 6 yẹn á mú kí ọrun tẹ̀ ní dígírì mẹ́ta ààbọ̀ kí lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó sọ pé ó dára, yíyà rẹ̀ ní 45 yáàdì sì jẹ́ bí ínǹṣì méjì ààbọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé àpò náà nìyẹn gẹ́lẹ́.

Mo wá rọra tẹ ẹ̀rọ ìdìmú síwájú, kí ọrun dojú kọlẹ̀, ṣùgbọ́n kí okùn rẹ̀ má kúrò lára okùn ìwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi. Bí ọrun ṣe ń lọ sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì ń kúrò láàárín ìlà dúdú méjèèjì, ó rọra kọjá ìlà ọ̀tún, ó lọ fara ti ògiri gíláàsì, ó dúró síbẹ̀. Ọrun kò sì tẹ̀ rárá. Mo gbé e sókè, afẹ́fẹ́ padà sáàárín, ó tún lọ fara ti ògiri òsì. Ẹ̀gbọ́n ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe. Wọ́n mí kanlẹ̀.

Bóòtù kékeré méjì ló ń di ìyí kẹta mú lára sáìtì yẹn, wọ́n ń ti ara wọn. Èèyàn á tú ọ̀kan díẹ̀, á sì fún èkejì. Mo fa etí òsì padà sẹ́yìn, díẹ̀ díẹ̀, mo sì ń gbé ọrun lọ sísàlẹ̀ àti sókè lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá yí bóòtù, títí afẹ́fẹ́ fi dúró láàárín ní gbogbo ibi tí mo bá dojú rẹ̀ kọ. Títún un ṣe yìí kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Wíwá ibi tó ti bàjẹ́ ló jẹ ẹ̀gbọ́n lákòókò àti owó.

Ọwọ́ tó di ọrun mú

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á kó irin-iṣẹ́ wọn níbí yìí. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọrun tó wà lórí tábìlì kò tíì fà, ẹnikẹ́ni ò sì di í mú. Bí a bá fà á, okùn tó ń lọ láàárín wíìlì méjèèjì máa ń fa ara ọrun sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ọwọ́ tafàtafà náà sì ní tirẹ̀ tó ń ṣe. Àwọn méjèèjì lè yí sáìtì bí ìlẹ̀kùn yẹn padà. Ohun tí a ń wá ni pé kí lẹ́fẹ́ẹ̀lì sọ òtítọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá fà á tán.

A jáde sẹ́yìn, níbi tí ilẹ̀ ti ga, tí òkìtì ńlá wà lẹ́yìn ibi àfojúsùn. Mo ṣọ́ra gidigidi nípa èyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ṣọ́ra bákan náà: ẹ kò gbọ́dọ̀ fa ọrun compound láìsí ọfà nínú rẹ̀, nítorí bó bá jábọ́ lọ́wọ́ yín, ọrun lè fọ́ síwájú ojú yín, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fa ọfà kọjú sí ojú sánmà, nítorí ẹ ò mọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Ohun tó bá wà lẹ́yìn àfojúsùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀, yálà ẹ ń ta sókè tàbí sísàlẹ̀.

Mo so okùn ìwọ̀n gígùn funfun kọ́ síwájú ibi àfojúsùn. Ẹ̀gbọ́n dúró lókè, wọ́n fà á, wọ́n fi ọ̀pá sáìtì bá okùn funfun náà mu, wọ́n sì sọ ohun tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì sọ fún mi. (Ìdí tí a fi ń ṣe ìyí kìíní ṣáájú nìyí, nítorí ọ̀pá yẹn la fi ń wọ̀n ọ́n.) "Ó ṣì ń lọ sọ́tùn-ún díẹ̀." Díẹ̀ ni lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ kan ìlà, kò kọjá rẹ̀.

Mo lọ wo ọwọ́ òsì wọn. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi di ọrun mú, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì í gbádígbádí bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á. Bí pọ́n-ùn 12 péré ṣe wà lórí ọrun nígbà tí wọ́n bá fà á tán, ọwọ́ tó dì í báyìí ló ń pàṣẹ fún un. Bí a bá di ọrun mú dáadáa, ẹran ìdí àtàǹpàkò nìkan ló yẹ kí ó gba ẹrù, kí oríkèé ìka dàgẹ̀rẹ́, kí ìka rọ̀ sílẹ̀ láìfún nǹkan kan. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé ọrun á jábọ́, okùn ìso-ọwọ́ wà fún ìyẹn.

Àríyànjiyàn wà lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe níbí. Àwọn kan gbà pé kí a tún sáìtì ṣe bá ọwọ́ náà bó ṣe rí, kí a sì fi ọwọ́ sílẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti ń di ọrun mú báyìí láti ọdún pípẹ́ kò ní fi sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fún ọrun kì í fún un bákan náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́ lórí òkè, á fún un jù. Bí òtútù bá mú, á fún un lọ́nà míì. Sáìtì tí a bá tún ṣe bá ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mu, fún ìṣẹ́jú yẹn nìkan la tún un ṣe. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé ká kọ́kọ́ tún ọwọ́ ṣe. Wọ́n lọ sílé, wọ́n sì fi tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan ta ọfà nítòsí, ní jíjìn tí kò tó nǹkan, ọwọ́ ṣíṣí, láìwo àmì rárá. Nígbà tí wọ́n padà wá, ohun tó kù fún mi láti yí lórí ìyí kẹta kò ju ìdá díẹ̀ nínú yíyí áléǹkíì (irin tí a fi ń yí bóòtù) lẹ́ẹ̀kan lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ yálà wọ́n ta sókè tàbí sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí la tó wá fọwọ́ kan síkúrúù ọ̀tún-òsì. Ó di dandan, nítorí bí òrùka bá yí, píìnì inú rẹ̀ náà ti sún. A bẹ̀rẹ̀ ní 20 yáàdì, a tún un wò ní 40, a sì lọ sí 60 lórí ilẹ̀ títẹ́. Níbẹ̀, òfin àtijọ́ yẹn padà wúlò: sáìtì tẹ̀lé ọfà.

Orí òkè

Ẹ̀gbọ́n padà sí pápá orí òkè kan náà. Mo bá wọn lọ. Ibi dígírì 30 yẹn ni mo fẹ́ rí. Ọfà wọlé sí àárín, ìkejì fara ti ìkíní. Èyí tó kàn, tó wà lókè, ọfà fi ìka díẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yà sósì. Lílọ sílẹ̀ yẹn kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú sáìtì: wọ́n gbé apá sókè dípò kí wọ́n tẹ̀ láti ìbàdí, okùn sì kúrò níbi tó máa ń fara kan ojú wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n fúnra wọn kí n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n bi mí ìdí tí àgbọ̀nrín tí wọ́n pa lọ́dún tó kọjá kò fi bọ́ lọ́wọ́ wọn, nígbà tó jẹ́ sáìtì yìí náà ni. Ìbéèrè tó dára gan-an ni. Orí igi ni wọ́n wà, bí ẹsẹ̀ bàtà 20 sókè, ẹran sì wà ní 20 yáàdì. Ibi tí wọ́n dojú ọrun kọ kò tó dígírì 20 sísàlẹ̀, òòfà ilẹ̀ kò sì tíì fa ọfà púpọ̀ ní jíjìn bẹ́ẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀, yíyà náà jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ínǹṣì kan. Àgbọ̀nrín kò ní mọ ìyàtọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ kan fi máa ń sọ pé ìyí kẹta kò kan àwọn, mi ò sì ní bá wọn jà bó bá jẹ́ pé orí igi ni wọ́n ń gbé, tí wọn kì í ta kọjá 25 yáàdì. Ẹni tó bá ń rìn lórí òkè, tó lè ta 40 tàbí 50 yáàdì sínú àfonífojì, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Ínǹṣì méjì tàbí mẹ́ta lára ẹran tó wà láàyè lè sọ ikú kíákíá di ẹran tó fara gbọgbẹ́ sá lọ, tí a kò sì ní rí mọ́. Ìyẹn ló mú kí n máa yẹ ìyí kẹta wò lára gbogbo ọrun tí wọ́n bá gbé wá, yálà wọ́n sọ ọ́ tàbí wọn ò sọ ọ́.

Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín kan gba orí bóòtù méjèèjì ìyí kẹta kọjá sí ara irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ọrun bá ti inú bàálù tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀ dé, tàbí bó bá ṣubú, ẹ̀gbọ́n á wo ìlà yẹn ṣáájú ohun gbogbo. Bó bá ti já, tí apá kan kò bá èkejì mu mọ́, bóòtù ti yí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n má fọwọ́ kan síkúrúù ọ̀tún-òsì rárá.